Ọkàn Ta Ni Ẹ̀rọ Ń Kà Nínú Yàrá Ìrọbí?

Yàrá ìrọbí la fẹ́ wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ìbéèrè kan tí ìyàwó ilé kan bi wá ní àṣàlátù.

Ó ní, "Nígbà tí mo fẹ́ bí ọmọ mi kẹta, wọ́n de ọ̀já ẹ̀rọ mọ́ mi níkùn. Mo ń rí nọ́ḿbà lójú ẹ̀rọ náà, mo sì ń gbọ́ ìró rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún wá di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago. Ṣé ẹ̀rọ náà ò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni?" Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Agbẹ̀bí kan tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní kí a jẹ́ kí òun sọ ohun tó ṣojú òun.

Ní òru ọjọ́ kan, obìnrin kan ń rọbí àkọ́bí rẹ̀. Ẹ̀rọ wà níkùn rẹ̀, ó ń kọ 118, 120, 124. Iye tó dára ni fún ọmọ inú, kò sì sẹ́ni tí ara fu. Agbẹ̀bí yìí kàn mú ọrùn ọwọ́ obìnrin náà gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀, ó ka bí iṣan ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ó bá 122. Ó tún un kà, ó bá 120. Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ náà ló wà lọ́wọ́ ìyá. Kíá ló sún ohun tí wọ́n dè mọ́ ikùn náà kúrò níbi tó wà, ó ń wá ọkàn ọmọ kiri. Nígbà tó rí i, 80 ni, kò sì gòkè mọ́. Wọ́n pe ọkọ wọlé. Ọkọ fọwọ́ síwèé lójú ẹsẹ̀, kò ní òun fẹ́ kọ́kọ́ pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, wọ́n sì gbé ìyàwó rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ọmọ náà ti ń lọ ilé kéwú báyìí.

Ohun tí ẹ̀rọ ti ń kà kí agbẹ̀bí tó fura, ọkàn ìyá ni. Ó ń kà á dáadáa, kò ṣìṣe kankan nínú ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ń kà ọkàn rẹ̀ ni kò mọ̀.

Bí èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀ rèé. Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọmọ inú yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, 110 sí 160 ni tirẹ̀. Ẹni tó bá wo iye méjèèjì yìí á rò pé wọn kò lè pàdé láéláé. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń rọbí kò jókòó jẹ́ẹ́. Oyún fúnra rẹ̀ ti mú kí ọkàn rẹ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tó ní tẹ́lẹ̀. Ìrora tún dé, ẹ̀rù dé, òùngbẹ dé. Ní gbogbo ìgbà tí ilé ọmọ bá sún kì, ó máa ń fún ẹ̀jẹ̀ bí 300 sí 500 mililítà padà sínú ara ìyá. Ẹ fojú inú wo ìgò mínírà kan tó kún dẹ́nu, kí ọkàn ìyá sì máa gba irú rẹ̀ lálejò lẹ́ẹ̀kan náà, léraléra, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tó bá wá kan kó ti ọmọ síta, ọkàn rẹ̀ lè máa lù ní 120, ó lè dé 140 pàápàá. Ibi tí ọkàn ọmọ wà gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀rọ náà. Ọ̀já méjì ló ní. Ọ̀kan de ohun roboto kan mọ́ òkè ikùn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ìgbà tí ilé ọmọ ń sún kì. Èkejì de roboto mìíràn mọ́ ìsàlẹ̀, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì tútù tí wọ́n máa ń fi sí i. Èyí ló ń rán ìró kan tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́ wọnú ikùn. Tí ìró náà bá kan ohun tó ń mì, á padà wá pẹ̀lú ìyípadà, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ á sì ṣírò iye ìgbà tí ohun náà ń mì ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń mì nìkan ló mọ̀, kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí ìyá. Tí ọmọ bá yí padà tàbí tó sọ̀ kalẹ̀, tí ọ̀já sì yẹ̀, ìró náà lè bọ́ sórí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jẹ́ ti ìyá. Iṣan yẹn náà ń lù, ẹ̀rọ á máa kà á lọ, ìlà á máa jáde lórí bébà, ìlà náà á sì dára lójú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ a máa ka ìlù kan bí méjì, 70 ìyá á wá di 140. Bí ọmọ bá tilẹ̀ ti kú sínú, kí Ọlọ́hun má fi irú rẹ̀ dán wa wò, ẹ̀rọ ṣì lè bá ọkàn ìyá rẹ̀ kí gbogbo ilé sì máa rò pé ọmọ wà láàyè.

Àmì kan wà tí àwọn agbẹ̀bí tó gbọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìyá bá ń ti ọmọ síta, ọkàn tirẹ̀ máa ń sáré sí i ni. Ti ọmọ sábà máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà náà, torí pé wọ́n ń fún un mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà á padà sípò. Nítorí náà, tí ẹ̀rọ bá ń sọ pé ọkàn "ọmọ" ń sáré ní gbogbo ìgbà tí ìyá bá tì, ó yẹ kí wọ́n di ọrùn ọwọ́ ìyá mú.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi wá fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ òde òní ń ka ọkàn ìyá lọ́tọ̀, kí wọ́n lè fi wé ti ọmọ. Nǹkan kékeré kan ni wọ́n máa há mọ́ ìka ìyá, ó ní iná pupa nínú, ó sì ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ìka kọjá. Nínú àwọn mìíràn, àyà ni wọ́n máa lẹ nǹkan mọ́. Kọ̀ǹpútà á wá to ìlà méjèèjì sí ojú kan náà. Tí wọ́n bá ń rìn pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ á fi àmì sí i tàbí kó dún, kí òṣìṣẹ́ lè mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni òun ń kà.

Èyí tó wù wá jù nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tóbi rárá. Moyo ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Swahili tó túmọ̀ sí ọkàn. Ilé iṣẹ́ Laerdal ti ilẹ̀ Norway ló ṣe é, wọ́n sì lò ó ní àwọn ilé ìwòsàn ní Tanzania. Ó ń lo bátìrì tó ṣeé chájì, nítorí náà ó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ọ̀já rẹ̀ á wà níkùn, á máa ka ọkàn ọmọ. Tí agbẹ̀bí bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn ọmọ lòótọ́ ni, ìyá á fi ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kan ara ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ á sì sọ iye ti ìyá. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń dààmú àwọn agbẹ̀bí.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ọ̀rọ̀ yìí sọ pé ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ ńlá kò wúlò. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé fún ìyá tí ara rẹ̀ dá, ó tó kí òṣìṣẹ́ máa tẹ́tí sí ọkàn ọmọ láti ìgbà dé ìgbà, yálà pẹ̀lú ohun èlò bíi fèrè tí nọ́ọ̀sì ń gbé lé ikùn tó sì ń fi etí sí, tàbí pẹ̀lú ẹ̀rọ àfọwọ́mú. Nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà ìrọbí tí WHO gbé jáde ní 2020, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra ni kí wọ́n máa gbọ́ ọkàn ọmọ nígbà tí ìrọbí bá ti mú ọwọ́ le, ìṣẹ́jú márùn-ún síra sì ni nígbà tí ìyá bá ń tì. Wọ́n ní kí wọ́n máa kọ ti ìyá náà sílẹ̀, ó kéré tán ní wákàtí mẹ́rin síra, kí ara òṣìṣẹ́ má sì balẹ̀ tó bá wálẹ̀ ju 60 lọ tàbí tó dé 120.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà pé kọ̀ǹpútà nìkan tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní INFANT, èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Àwọn obìnrin tó wà nínú rẹ̀ lé ní 46,000. Fún apá kan nínú wọn, kọ̀ǹpútà ń bá òṣìṣẹ́ ka ìlà ọkàn ọmọ, ó sì ń ké tó bá rí ohun tó mú ìfura dání. Fún apá kejì, ojú ènìyàn nìkan ló ń kà á. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ nínú bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ọmọ. Ní èrò tiwa, kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà náà fọ́jú. Ẹni tó yẹ kó dìde nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ké ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Ibn Sīnā tó kú ní 1037 ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn nínú Al-Qānūn nípa bí oníṣègùn ṣe ń fi ìka yẹ iṣan ọrùn ọwọ́ wò. Ohun tí agbẹ̀bí wa ṣe lóru ọjọ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i.

Títí di ibí, ọmọ la ti ń lé kiri. Ìyá wá ńkọ́? Èyí ló jẹ wá lógún jù, torí pé nígbà tí ọmọ bá ti ké, tí àwọn ará ilé ti ń pín àlùbáríkà, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìyá ń kú. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ọkàn ìyá ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ẹ rántí pé a ní ẹ̀jẹ̀ aboyún pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Àánú Ọlọ́hun ni, kí ìyá lè ní ohun tó máa pàdánù nígbà ìbímọ. Ṣùgbọ́n ó tún ń bo ewu mọ́lẹ̀. Ìyá tó lágbára lè pàdánù ẹ̀jẹ̀ tó ju lítà kan lọ kí ìfúnpá rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní BP, tó já wálẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá wo BP nìkan, ó lè ní ara rẹ̀ le. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọkàn rẹ̀ ti ń sáré, ó ti ń sáré, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó kù lára kéré, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbé e yí kiri kíákíá kó lè tó gbogbo ara.

Àwọn onímọ̀ ní King's College ní London ló ṣe ẹ̀rọ kan nítorí èyí, CRADLE ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ BP ni, bí èyí tí ẹ mọ̀, ẹ lè fi chájà fóònù chájì rẹ̀. Ó máa ń fi nọ́ḿbà òkè BP pín iye ìgbà tí ọkàn ń lù, á sì tan iná bíi ti ojú pópó. Tí ọkàn ìyá bá ń lù ní 80, tí nọ́ḿbà òkè sì jẹ́ 110, iná tútù bíi ewé ni. Tí ọkàn bá ń lù ní 120, tí nọ́ḿbà òkè sì jẹ́ 95, iná yẹ́lò ti tàn, ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan. Tí ó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná pupa. Agbẹ̀bí tí kò mọ ìṣirò pípín rárá á mọ ohun tí iná pupa túmọ̀ sí. Wọ́n ti lò ó káàkiri ní Áfíríkà, ní Íńdíà àti ní Haiti.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ BP nílé, a ń bá yín sọ̀rọ̀. Nọ́ḿbà mẹ́ta ló máa ń jáde lójú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń ka méjì àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ń ka ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yẹn ni iye ìgbà tí ọkàn ń lù. Tí ìyá ọmọ tuntun bá wà nílé, tí nọ́ḿbà ẹ̀kẹta bá ti ju nọ́ḿbà òkè lọ, ẹ má ṣe wẹ̀ ẹ́ lómi gbígbóná, ẹ má fún un ní ẹ̀kọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Tí ẹ bá sì rí i tí ẹ̀jẹ̀ ń da aṣọ lẹ́yìn aṣọ, ẹ má dúró wá ẹ̀rọ kankan.

Ìrètí wà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí. Ní 2023, èsì ìwádìí E-MOTIVE jáde láti ilé ìwòsàn 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kánò ló darí apá ti Nàìjíríà. Wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá tí wọ́n ti sàmì ìwọ̀n sí lára sábẹ́ ìyá, kí wọ́n lè rí iye ẹ̀jẹ̀ tó dà dípò kí wọ́n máa fojú díwọ̀n. Tó bá ti pọ̀, gbogbo ìtọ́jú ni wọ́n á ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í dúró de ọ̀kan kí wọ́n tó ṣe èkejì. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tó le dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó wá ku ohun tó kan ilé Mùsùlùmí gan-an, àti ohun tó kan iṣẹ́ tiwa tí a jẹ́ apòògùn.

Làálì. Ẹ má bínú sí wa, a mọ̀ pé ó ń bu ẹwà kún obìnrin. Ṣùgbọ́n èyí tó dúdú kirikiri lórí ìka lè dí iná ohun tí wọ́n ń há mọ́ ìka yẹn, kí ẹ̀rọ má sì rí nǹkan kà. Ẹ fi ìka kan sílẹ̀ láìlé làálì sí i tí oṣù bá ti pé. Ní ti ìbòra, ikùn nìkan ni ọ̀já nílò. Ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ bo ìyókù, híjáàbù lè wà lórí, ẹ sì lè béèrè fún obìnrin láti de ọ̀já náà. Tí kò bá sí obìnrin nítòsí, tí ẹ̀mí sì fẹ́ bọ́, àwọn àáfà wa ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé pàjáwìrì ní òfin tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́nu ọ̀nà máa bá dókítà ọkùnrin jiyàn.

Ààwẹ̀ Ramadan náà. Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aboyún tó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí ọmọ inú rẹ̀ láti tú ààwẹ̀, síbẹ̀ a ń rí àwọn tó ń gba ààwẹ̀ wọ yàrá ìrọbí. Ara tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀ máa ń mú kí ọkàn sáré. Nọ́ọ̀sì á wá máa wò ó, kò ní mọ̀ bóyá òùngbẹ ni, tàbí ibà, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú. Ẹ mu omi.

Lórí oògùn, òun lẹ máa ń fi pa mọ́ jù. Oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà símú, salbutamol, máa ń mú ọkàn sáré. Labetalol tí wọ́n ń fún aboyún tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fa ọkàn sẹ́yìn, èyí sì túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára ẹni tó ń lò ó kí ọkàn rẹ̀ má sáré tó bó ṣe yẹ. Tí agbẹ̀bí kò bá mọ̀ pé ó ń lò ó, nọ́ḿbà á tàn án jẹ. Abẹ́rẹ́ oxytocin tí àwọn kan ń gún fún obìnrin nílé kí ọmọ lè tètè wá ló ń bà wá lẹ́rù jù. Tí kò bá sí ẹni tó ń ṣọ́ ọkàn ìyá àti ti ọmọ, ilé ọmọ lè sún kì ju bó ṣe yẹ lọ títí ọmọ ò fi ní rí atẹ́gùn, ó sì lè ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ yìí kan náà ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, tó bá ṣì lágbára. Inú firiji ni ààyè rẹ̀, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí wọ́n gbé sínú oòrùn lórí àtẹ, bí omi lásán ló rí.

Ní gbogbo Jímọ́ọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, tábìlì wa máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àlùwàlá àwọn obìnrin lẹ́yìn ìrun. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá lóyún, kó kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú àpò kan, kó gbé e wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ BP ilé. A ó kọ orúkọ àwọn oògùn náà sórí ìwé kan tí ẹ ó fi há káàdì ìtọ́jú aboyún rẹ̀, a ó sì fi nọ́ḿbà ẹ̀kẹta hàn yín. Àgbo inú ìgò náà, ẹ gbé e wá, a ò ní bá yín jà.